Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣètò Ìrìn Àjò Yín Àkọ́kọ́ sí Tókíò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Tókíò fún ìgbà àkọ́kọ́, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Ẹ jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì dúró ná. Ìwé kan ló yẹ kó ṣáájú, ìwé tí ẹ máa kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí: ọjọ́ tí ẹ máa dé, ibi tí ẹ máa sùn, ibi tí ẹ máa lọ lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, títí dé ọjọ́ tí ẹ máa padà sílé. Ẹ́ḿbásì Japan máa béèrè ìwé yìí lọ́wọ́ ẹni tó bá nílò físà, wọ́n sì máa kà á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Tókíò tóbi débi pé ẹni tí kò bá ṣètò rẹ̀ ní àdúgbò-àdúgbò máa lo ìdajì ọjọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Bí ìwé ètò yín bá ti dáa, iṣẹ́ tó kù ò nira mọ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú oṣù tí ẹ máa lọ

Tí ẹ bá bi mí, oṣù Kọkànlá ni màá ní kí ẹ lọ. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, òtútù ò tíì le, ewé igi ginkgo tí wọ́n gbìn sẹ́bàá títì a sì máa di aláwọ̀ ìyeyè níparí oṣù náà. Òpin oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ni òdòdó sakura máa ń yọ. Ó dùn ún wò gan-an, àmọ́ èrò máa ń pọ̀, owó òtẹ́ẹ̀lì a sì gbówó lórí. Ẹ yẹra fún ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, torí ìsinmi ńlá ni fún àwọn ará Japan fúnra wọn, gbogbo wọn ló máa ń rìnrìn àjò.

Láti oṣù Kẹfà dé àárín oṣù Keje, òjò ni. Ẹni tó bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn wá lè rò pé òun ti mọ ooru, ṣùgbọ́n ooru oṣù Kẹjọ ní Tókíò máa ń kọjá ìwọ̀n 35, ẹsẹ̀ lẹ sì máa fi rìn láti àárọ̀ dalẹ́. Ìjì líle tí wọ́n ń pè ní tàífúùnù wọ́pọ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, òtútù máa ń sún mọ́ odo lóru, àmọ́ oòrùn máa ń ràn lọ́sàn-án, ojú ọ̀run a sì mọ́ kedere. Tó bá jẹ́ ìgbà ọdún tuntun lẹ fẹ́ lọ, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti mùsíọ́mù ló máa ń tì láti bí ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 3 oṣù Kìíní.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pín ìlú náà sí apá-apá

Ìlà ọkọ̀ ojú irin kan wà tó yí àárín Tókíò po. Yamanote lorúkọ rẹ̀, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ibùdókọ̀ 30 ló wà lórí rẹ̀, bíi wákàtí kan ni ọkọ̀ sì fi ń yí i ká. Ẹ ya róbótó yìí sórí ìwé kí ẹ tó kọ ibi kankan sílẹ̀. Lápá ìwọ̀-oòrùn ni Shinjuku, Harajuku àti Shibuya wà. Lápá ìlà-oòrùn, Ueno ló wà lókè, lẹ́yìn náà Akihabara, lẹ́yìn náà ibùdókọ̀ Tókíò gan-an. Shinagawa ló wà nísàlẹ̀. Gbogbo ibi tí ọkàn yín bá ń fà sí, ẹ fi àmì sí i lára róbótó náà. Ìlànà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú: apá kan fún ọjọ́ kan. Ẹni tó bá wà ní Asakusa láàárọ̀, tó lọ Shibuya lọ́sàn-án, tó tún padà sí Ueno nírọ̀lẹ́, abẹ́ ilẹ̀ ló ti lo ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ fi ọjọ́ kan sí apá ìlà-oòrùn. Asakusa ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ débẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù. Tẹ́ńpìlì ẹlẹ́sìn Búdà tó pẹ́ jù lọ ní Tókíò, Sensō-ji, wà níbẹ̀. Ìtàn wọn sọ pé ní ọdún 628, apẹja méjì tó jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò rí ère Kannon, ẹni àánú tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń bọ, nínú àwọ̀n wọn ní odò Sumida, ibẹ̀ ni ìjọsìn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà tí fìtílà pupa ńlá rọ̀ sí wọlé, kí ẹ rìn láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké Nakamise. Tí ẹ bá sọdá odò, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Tokyo Skytree, ilé gogoro tó ga ní mítà 634, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2012. Lọ́sàn-án, ẹ wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Ginza Line lọ sí Ueno, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ọgbà ńlá wà níbẹ̀, Tokyo National Museum tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1872 sì wà nínú ọgbà náà. Ọjọ́ Ajé ni mùsíọ́mù yìí máa ń tì, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù ìlú náà, torí náà ẹ má fi ọjọ́ Ajé sí i nínú ìwé ètò yín. Ọjà Ameyoko wà lábẹ́ ojú irin ní Ueno. Ẹja, èso, bàtà, aṣọ, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn ontajà a sì máa pariwo pe oníbàárà. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọjà máa gbádùn ibẹ̀ gan-an.

Ọjọ́ mìíràn, ẹ lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn. Ẹ lọ sí Meiji Jingū láàárọ̀ kùtù. Ojúbọ Ṣintó, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Japan, ni, ọdún 1920 ni wọ́n parí rẹ̀ ní ìrántí Ọba Meiji àti olorì rẹ̀. Igbó tó yí i ká, èèyàn ló fọwọ́ gbìn ín: bí 100,000 igi ni àwọn ará ìlú kó wá láti gbogbo ilẹ̀ Japan. Láti ibẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn gba Harajuku dé Shibuya, níbi ìkóríta tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ti máa ń sọdá títì lẹ́ẹ̀kan náà. Nírọ̀lẹ́, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Shinjuku, kí ẹ gun òkè ilé ìjọba ìpínlẹ̀ Tókíò. Ìyàrá ìwòran wà ní àjà 45 rẹ̀, ní mítà 202 sókè, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń sanwó gun ilé gogoro mìíràn láì mọ̀ pé èyí wà. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, pàápàá nígbà òtútù, ẹ máa rí òkè Fuji látibẹ̀.

Ọjọ́ kẹta lè jẹ́ ti Tsukiji àti ààfin ọba. Ọjà ẹja ńlá tí wọ́n ti ń lu gbàǹjo ti kó kúrò ní Tsukiji lọ sí Toyosu nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ṣùgbọ́n ọjà ìta rẹ̀ ṣì wà, oúnjẹ tí ẹ máa rà lórí ìdúró sì pọ̀ níbẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ni kì í ṣí lọ́jọ́rú àti lọ́jọ́ Àìkú. Ọgbà apá ìlà-oòrùn ààfin náà jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ wọn kì í ṣí i lọ́jọ́ Ajé àti lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ tún ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀yìn ìlú. Kamakura ni mo fọwọ́ sí jù: nǹkan bíi wákàtí kan ni láti ibùdókọ̀ Tókíò, ère Búdà onídẹ tó ti wà láti ọ̀rúndún kẹtàlá wà níbẹ̀, òkun náà sì wà níbẹ̀. Tí ọjọ́ yín bá jẹ́ méje, ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ láì kọ nǹkan púpọ̀ sí i. Ó máa rẹ̀ yín, ẹ sì máa rí àdúgbò kan tí ẹ máa fẹ́ padà sí.

Àwọn kan máa sọ pé kí ẹ ra Japan Rail Pass, páàsì ọkọ̀ ojú irin fún àlejò tó bá fẹ́ yí ilẹ̀ Japan ká. Bó bá jẹ́ Tókíò àti agbègbè rẹ̀ nìkan lẹ ń lọ, ẹ má rà á. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ti ọjọ́ méje di 50,000 yen, owó àlọ àti àbọ̀ sí Kyoto pàápàá ò tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá ibi tí ẹ máa sùn

Ibùdókọ̀ tó wà nítòsí òtẹ́ẹ̀lì ṣe pàtàkì ju ìràwọ̀ òtẹ́ẹ̀lì lọ. Ueno ni màá yàn fún ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́: owó rẹ̀ ò tó ti Shinjuku, ó wà lórí Yamanote, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ méjì gba ibẹ̀, ọkọ̀ Skyliner láti pápákọ̀ òfurufú Narita sì ń já síbẹ̀ tààrà. Asakusa náà dáa, ó sì dákẹ́ lálẹ́.

Ẹ wo bí yàrá ṣe fẹ̀ tó kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Yàrá tí kò ju mítà 12 níbùú lóròó lọ wọ́pọ̀, ẹni méjì tó gbé àpótí ńlá méjì ò ní rí ibi tẹ́ ẹ sí. Ibùsùn tí wọ́n bá pè ní "semi-double" kò fẹ̀ ju bíi sẹ̀ǹtímítà 120 sí 140 lọ. Ẹ kọ iye èèyàn bó ṣe jẹ́, torí ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ ń gbowó lórí èèyàn kọ̀ọ̀kan. Níwọ̀n ìgbà tí físà kò bá tíì jáde, èyí tí ẹ lè fagi lé láì san owó ìtanràn ni kí ẹ mú.

Ìgbésẹ̀ 4: Físà

Ẹni tó bá ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà. Àbújá ni ẹ́ḿbásì Japan wà. Àwọn tó wà ní Benin ní tiwọn ní Kútọnu. Ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Britain tàbí ti Amẹ́ríkà kò nílò físà fún ìbẹ̀wò tí kò ju 90 ọjọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Brazil láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Bí ẹ bá ń gbé ní Britain tàbí Amẹ́ríkà ṣùgbọ́n tó jẹ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ń lò, ẹ lè béèrè fún eVISA lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn ìwé tó ṣe kókó ni fọ́ọ̀mù físà, fọ́tò, páásípọ́ọ̀tù, àkọsílẹ̀ owó yín ní báńkì, ẹ̀rí iṣẹ́ tàbí òwò yín, ètò ọkọ̀ òfurufú tí ẹ ti fi orúkọ sílẹ̀ fún, àti ìwé ètò ojoojúmọ́ tí mo ti ń sọ láti òkè. Fọ́ọ̀mù ètò yẹn ní àyè fún ọjọ́, fún ohun tí ẹ máa ṣe, fún orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ibi tí ẹ máa sùn. Ẹ má kọ "ìgbafẹ́" sí ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ "Asakusa, Sensō-ji, Ueno", kí ẹni tó ń kà á mọ̀ pé ẹ ti ronú jinlẹ̀. Kí iye ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ bá ti òtẹ́ẹ̀lì àti ti bàálù mu, kí owó tó wà ní báńkì sì lè gbé iye ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ará tàbí ọ̀rẹ́ kan ní Japan ló pè yín, ìwé ìpè àti ìwé onídùúró náà máa wà níbẹ̀.

Ẹ fi nǹkan méjì sọ́kàn. Físà ìbẹ̀wò máa ń lò fún oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fún yín, nítorí náà ẹ má gba á ṣáájú àsìkò. Bí oṣù méjì sí ìrìn àjò ni ó dáa láti bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá sì fún yín, wọn kì í gba ìbéèrè mìíràn fún ìdí kan náà títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ fi ìwé tó pé sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ṣe àkọsílẹ̀ báńkì tí kì í ṣe tiyín, owó yòówù kó gbà. Lẹ́yìn tí físà bá ti wà lọ́wọ́ ni kí ẹ wá san owó bàálù.

Ìgbésẹ̀ 5: Bàálù àti ẹrù

Kò sí bàálù tó ń lọ tààrà láti Èkó. Ẹ máa gba Addis Ababa, Doha, Dubai tàbí Istanbul. Bí owó méjèèjì bá jọra, ẹ yan Haneda dípò Narita, torí inú Tókíò ni Haneda wà, nígbà tí Narita wà ní bíi kìlómítà 60 sí àárín ìlú. Aago Japan fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú ti Nàìjíríà: bí aago méjìlá ọ̀sán bá lù ní Èkó, aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù ní Tókíò. Ẹ má kọ nǹkan kan sí ọjọ́ tí ẹ bá dé ju kí ẹ wẹ̀, kí ẹ jẹun, kí ẹ rìn yí àdúgbò ká.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ká mi lára, torí ìfẹ́ ilé ló máa ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà níbẹ̀. Ẹ má gbé ẹran wọ Japan, irú èyí tó wù kó jẹ́: kílíṣí, ṣúyà, ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́, sọ́séèjì. Láì sí ìwé ẹ̀rí ìjọba, òfin wọn kà á léèwọ̀, ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n sì wà fún un. Èso àti ẹ̀fọ́ tútù náà nílò ìwé àyẹ̀wò, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní wọlé rárá. Oògùn ikọ́ tó ní kodíìnì àti oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine lè dá yín dúró ní kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá ń lo oògùn dókítà tó máa kọjá ti oṣù kan, ẹ gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Yunyu Kakunin-sho kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì jẹ́ kí oògùn wà nínú páálí rẹ̀.

Iná Japan jẹ́ volt 100, ẹnu ṣájà wọn jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ méjì. Ẹ ra adáptà. Ṣájà fóònù máa ṣiṣẹ́, àmọ́ áyọ́ọ̀nù tí ẹ bá gbé láti ilé kò ní gbóná dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 6: Owó

Ẹ lọ bá báńkì yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ béèrè bóyá káàdì yín ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè àti iye tó lè gbé lóṣù. Kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì kan ṣoṣo. Ẹ gbé dọ́là díẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ ṣẹ́ ẹ ní pápákọ̀. Ẹ̀rọ ATM inú ṣọ́ọ̀bù 7-Eleven àti ti ilé ìfìwéránṣẹ́ máa ń gba káàdì ilẹ̀ òkèèrè. Ilé oúnjẹ kéékèèké àti àwọn ojúbọ ṣì wà tó jẹ́ owó bébà àti owó ẹyọ nìkan ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá gbé owó tó ju mílíọ̀nù kan yen lọ gbọ́dọ̀ sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọjọ́ tí ẹ bá balẹ̀

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lórí Visit Japan Web, ìkànnì ìjọba Japan fún àwọn tó ń wọlé, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sí i, kí ẹ fi àwòrán QR tó bá jáde pamọ́ sórí fóònù. Ní ìwọlé, wọ́n máa ya fọ́tò yín, wọ́n sì máa gba àmì ìka yín. Ẹ mú ìwé ètò yẹn lọ́wọ́, torí wọ́n lè béèrè ibi tí ẹ ń lọ. Láti ìgbà náà lọ, páásípọ́ọ̀tù kò gbọ́dọ̀ kúrò lára yín. Òfin ló ní kí àlejò máa gbé e kiri, ẹ má tì í mọ́ òtẹ́ẹ̀lì.

Ní pápákọ̀ náà, ẹ ra káàdì ọkọ̀. Welcome Suica wà fún àlejò, ó ń lò fún ọjọ́ 28. Ẹ fi owó sí i, kí ẹ fi kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé àti nígbà tí ẹ bá ń jáde, ó máa yọ iye tó tọ́. Bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ló ń gbà á. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kì í sanwó, tàwọn tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì.

Ìlà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ 13 ló wà ní Tókíò, ilé-iṣẹ́ méjì ló ni wọ́n, ti JR, ilé-iṣẹ́ tó ni ìlà Yamanote, tún yàtọ̀. Kí èyí má dẹ́rù bà yín: Google Maps máa sọ ìlà, ibi tí ẹ máa dúró sí, àti owó rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í kà sí ni nọ́ńbà ọ̀nà àbájáde. Shinjuku ní ọ̀nà àbájáde tó ju 200 lọ, ẹni tó bá gba èyí tí kò tọ́ lè rìn tó ìṣẹ́jú ogún kó tó padà sí ibi tó ń lọ. Ẹ wo nọ́ńbà náà kí ẹ tó gun àtẹ̀gùn. Ọ̀pọ̀ títì ni kò lórúkọ, nọ́ńbà àdúgbò àti ti ilé ni àdírẹ́sì wọn, torí náà ẹ fi orúkọ òtẹ́ẹ̀lì yín pamọ́ ní lẹ́tà Japan kí ẹ lè fi han onítakisí. Láàárín aago méjìlá òru sí aago kan, ọkọ̀ ojú irin máa ń dáwọ́ dúró títí di bíi aago márùn-ún ìdájí, takisí sì wọ́n.

Ẹ má wọ ọkọ̀ láàárín aago méje ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀ tí ẹ bá gbé ẹrù tàbí ọmọ. Wọn kì í fi fóònù sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Lórí àtẹ̀gùn oníná, apá òsì ni kí ẹ dúró sí.

Ìgbésẹ̀ 8: Oúnjẹ

Owó oúnjẹ Tókíò máa ya yín lẹ́nu. Abọ́ ìrẹsì tí wọ́n da ẹran màlúù lé, gyūdon, kò ju bíi 500 yen lọ ní Yoshinoya tàbí Matsuya. Abọ́ ramen, ìyẹn núdù inú omi ọbẹ̀, wà ní bíi 1,000 yen. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà lẹ máa san owó sí, ẹ ó tẹ àwòrán oúnjẹ, ìwé kékeré á jáde, ẹ ó fún ẹni tó ń sè é. Omi ọ̀fẹ́ ni, omi ẹ̀rọ ìlú náà sì ṣeé mu. Wọn kì í gba ẹ̀bùn owó lọ́wọ́ oníbàárà. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, wọ́n lè sáré tẹ̀ lé yín láti dá a padà.

Ata ò pọ̀ nínú oúnjẹ wọn. Ata lílọ̀ tí wọ́n ń pè ní shichimi máa ń wà lórí tábìlì. Ní CoCo Ichibanya, ẹ lè yan bí ata ṣe máa ta tó nínú ọbẹ̀ kọ́rì yín. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ kíyè sí i pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú omi ọ̀pọ̀ ramen, ọtí mirin sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀. Mọ́ṣáláṣí ńlá Tokyo Camii wà nítòsí ibùdókọ̀ Yoyogi-Uehara, ìsọ̀ oúnjẹ hàláàlì sì pọ̀ ní Shin-Ōkubo.

Ìgbésẹ̀ 9: Ìwà àti ààbò

Ọmọ Yorùbá ò ní rí ìtẹríba wọn bí ohun àjèjì. Wọ́n máa ń tẹ̀ba díẹ̀ láti kí èèyàn, wọ́n sì máa ń fi ọwọ́ méjèèjì fúnni ní nǹkan. "Sumimasen" ni kí ẹ fi pe akíyèsí wọn, "arigatō gozaimasu" ni kí ẹ fi dúpẹ́. Níbi tí ẹ bá ti rí bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ bọ́ tiyín. Àpótí ìdọ̀tí ò pọ̀ lójú títì, ẹ mú ọ̀rá kékeré dání.

Ẹ lè rìn lóru láìséwu ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àmọ́ ní Kabukichō àti Roppongi, ẹ má tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá ń pè yín wọ ilé ọtí, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bu owó gọbọi lé àlejò. Nọ́ńbà ọlọ́pàá ni 110, ti iná àti ọkọ̀ aláìsàn ni 119. Ilé ọlọ́pàá kékeré tí wọ́n ń pè ní kōban wà káàkiri, wọ́n sì máa ń júwe ọ̀nà fún èèyàn.

Ilẹ̀ lè mì tìtì. Fóònù máa kígbe ṣáájú. Ẹ má sáré jáde. Ẹ wọ abẹ́ tábìlì, ẹ fi ọwọ́ bo orí, kí ẹ dúró títí yóò fi dáwọ́ dúró. Ẹ gba áàpù Safety tips sórí fóònù kí ẹ tó lọ, ó máa ń ṣèkìlọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ọjọ́ tí ẹ ó padà

Bó bá jẹ́ Narita, ẹ kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì ní wákàtí márùn-ún ṣáájú bàálù. Owó tó bá ṣẹ́ kù nínú Welcome Suica kò ní padà sọ́wọ́ yín, torí náà ẹ fi ra oúnjẹ ní ibùdókọ̀. Owó ẹyọ náà, ẹ ná an tán ní ṣọ́ọ̀bù pápákọ̀ kí ẹ tó wọ bàálù, torí àwọn tó ń ṣẹ́ owó nílé kì í gbà á.